Igi Kẹta Nínú Ilé Fọlárìn

Lọ́sàn-án àná ni mo lá àlá yìí, lórí ẹní, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Káfíńtà ni mí. Èmi ni mo to igi àjà sí ilé tuntun tí Fọlárìn ọmọ mi ń kọ́. Igi kẹta kúrú. Èmi ni mo gé e kúrú. Mo fi àgékù igi kún un, mo kan ìṣó méjìlá mọ́ ọn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Pákó àjà ló máa ń bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àfi bí Fọlárìn ṣe ní òun ò fẹ́ pákó mọ́. Ó ní kí igi wà ní gbangba, kí àlejò máa gbójú sókè wò ó.

Nínú àlá, mo wọ yàrá náà. Igi kẹta nìkan ló wọ agbádá.

“Ojú ń tì mí, Bàbá,” ó ní. “Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.”

Mo ní mo mọ̀. Mo bá a tún etí agbádá ṣe.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ilé wò bá léfòó gba ojú fèrèsé wọlé, tábìlì, fáìlì àti gbogbo rẹ̀. Mo kí ọ̀gá inú rẹ̀ kú iṣẹ́. Ó ní kí igi bọ́ agbádá. Igi kọ̀. Ọ̀gá di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti jọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ agbádá náà láti apá ọ̀tún. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá ọrùn sí. Ó jẹ ẹ́ tán.

Àlejò ti kún ilé. Fọlárìn wà láàárín wọn, ó ń wo ìṣó méjìlá.

“Ta ló ṣe èyí?”

Mo ní òbúkọ ni.

“Bàbá,” òbúkọ dáhùn pẹ̀lẹ́, “èmi ò lọ́wọ́.”

Gbogbo wọn wo ọwọ́ mi.

Mo jí. Ìró ìyàwó mi ni mo fi bora. Orí mi wà lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà níta.

“Bàbá Fọlárìn, mo ti sọ fún yín pé ìró yẹn kúrú,” Àyìnkẹ́ ní.

Mo mú ayùn. Mo ní kó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé igi kan kúrú lókè, èmi ni mo gé e, mo ń wá igi tí màá fi pààrọ̀ rẹ̀.

“Ó ti mọ̀. Ó ti gbé òmíràn wá láti ọjọ́ Ajé.”

Mo bi í pé ibo ló gbé e sí.

Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Igi tí mo ti ń jókòó lé láràárọ̀ ni.