Òróró Orí Adékúnlé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná kó yáa lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí kì í fẹ́ kéèyàn dìde láàárín rẹ̀. Ìlúà ló ti ṣẹlẹ̀, nínú ìjọ Pásítọ̀ Ọláyanjú, nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ku oṣù kan.

Adékúnlé, ọmọ ìjọ náà, ló fẹ́ ṣe alága. Ó lọ bá Díákónì Ọláoyè, ó ní òun fẹ́ kí pásítọ̀ da òróró sórí òun bí Sámúẹ́lì ti dà á sórí Dáfídì, kí ayé lè mọ̀ pé Ọlọ́run ló yan òun. Díákónì ní, "Ìyẹn ti parí." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí pásítọ̀ tó gbọ́, Ìlúà ti gbọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí pásítọ̀ rí oúnjẹ jẹ. Tàófíìkì, oníṣòwò àgbàdo, ló ń bá Adékúnlé du ipò, ìyàwó Tàófíìkì sì ni Mọpẹ́olúwa tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Mọpẹ́olúwa ti ní bí wọ́n bá da òróró yẹn, kí Díákónì máa dá orin kọ. Ṣùgbọ́n èyí tó dun pásítọ̀ jù ni pé Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan fún un. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, igbe àparò nìkan ló gbọ́. Bó bá da òróró, ó purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Bó bá ní òun ò gbọ́ ohùn, ìjọ lè ní kó kẹ́rù rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ilé ìsìn kún dé ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ ti wá ọgbọ́n tí yóò fi sún ọ̀rọ̀ síwájú.

"Bí a óò bá ṣe bíi Sámúẹ́lì, ẹ jẹ́ ká ṣe é tán. Gbogbo ọmọkùnrin Jésè ló kọjá níwájú rẹ̀. Adékúnlé, àwọn ọmọ ìyá rẹ dà?"

Ó rò pé ó di oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó péjọ. Àṣé wọ́n ti wá wòran. Àjàgbé, àbíkẹ́yìn, nìkan ló wà lóko ní Òfíkì, wọ́n sì ti rán ọlọ́kadà sí i kí pásítọ̀ tó pa ẹnu dé.

Ayọ̀dàmọ́lá, àgbà wọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó dé iwájú, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba.

Pásítọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọjá la ní kẹ́ ẹ kọjá."

"Bó bá wá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ó kan Samsudeen, ẹni tó ti ń kírun látìgbà tó ti fẹ́ Waheedat. Díákónì ní, "Ẹni yìí ò sí nínú ìwé ìjọ."

Ìyá wọn dìde. "Díákónì, inú mi ló ti jáde, kì í ṣe inú ìwé yín. Kọjá, ọmọ mi."

Samsudeen ṣí fìlà, òun náà sì kúnlẹ̀.

Àjàgbé dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ẹrẹ̀ dé orúnkún. "Ta ló kú?" Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó ronú díẹ̀. "Ṣé wọ́n ń fún alága ní mọ́tò?" Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti àwọn yòókù. Àwọn ọ̀dọ́ ní àgbẹ̀ làwọn fẹ́. Àwọn ìyá ìjọ ní ahunṣọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń so nǹkan pọ̀. Adékúnlé, tóun náà ti kúnlẹ̀, ń laàgùn: "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni òróró."

Pásítọ̀ wo orí mẹ́rin tó tò sílẹ̀ bí ẹ̀gẹ́ ọjà, ẹ̀rín gbé e, ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó rín tán ni ẹ̀rù kúrò láyà rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, Sámúẹ́lì gbọ́ ohùn. Èmi ò gbọ́."

Ó nu omijé ojú rẹ̀ nù.

"N ò gbọ́ nǹkan kan, n ò sì ní í purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ṣé a kì í kọ́ ara wa níbí pé àlùfáà ni gbogbo onígbàgbọ́? Kí kálukú gbé ìbò rẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni gbé tirẹ̀."

Adékúnlé gbójú sókè níbi tó kúnlẹ̀ sí. "Pásítọ̀, kí ni kí n wá fi orí yìí ṣe?"

"Gbé e dìde. Fi ẹsẹ̀ lọ bá àwọn èèyàn nílé wọn, kí o sọ ohun tí o fẹ́ ṣe."

Ìyá wọn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mọpẹ́olúwa gbé orin, ijó sì bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ tó ń retí kí wọ́n lé òun, èjìká Àjàgbé ló bá ara rẹ̀, ẹrẹ̀ sì ba aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Adékúnlé bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìn-ín-ní nínú àdúgbò rẹ̀. Ilé Tàófíìkì ni. Tàófíìkì fún un ní àga, ó gbé wàrà síwájú rẹ̀, ó ní, "Ó yá, polongo." Mọpẹ́olúwa bi í láti ìdí ààrò pé kí ló máa ṣe sí ọ̀nà Òfíkì. Kò mọ̀ ọ́n. Ó tọrọ bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mọpẹ́olúwa ló yá a ní bírò náà. Òun ló sọ ọ́ fún Àwáwù, ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí wọ́n jọ ń ṣẹ́ àgbàdo. Ẹnu Àwáwù ni mo ti gbà á, mo sì ti fi lé yín lọ́wọ́.