Òpópónà Mẹ́ta Ẹ̀yìn Ojú Irin

Ó ti pé ọdún méjìlá tí obìnrin náà ti ń tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì ètò ìdìbò, débi pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti dàwátì lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Àǹtí Fáìlì ni gbogbo wọn ń pè é. Bí èèyàn bá wá ìwé kan títí tí ojú rẹ̀ pọ́n, ọ̀dọ̀ Àǹtí Fáìlì ló ń já sí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá pè é wọlé. Wọ́n fẹ́ gbé àlàyé nípa agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: iye èèyàn ibẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, irú ilé tí wọ́n ń gbé, àti bí wọ́n ṣe ń dìbò láti ogún ọdún wá. Agbègbè kẹsàn-án ni wọ́n fún un.

Ọ̀gá ní, "Ojú ìwé kan péré ni mo fẹ́ o. Ìwọ lo kúkú mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ wà."

Inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé ìwé fún ẹlòmíì kà, kò sẹ́ni tó ní kí òun náà kọ nǹkan rí. Ó wé gèlè mọ́rí nítorí eruku, ó wọ yàrá ìpamọ́ lọ, ó sì kó èsì ìdìbò mẹ́fà jáde.

Ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́ ló wọlé nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n ohun kan há a lọ́fun. Nínú ìdìbò àkọ́kọ́, ìbò ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá péré ni Kọ́kọ́rọ́ fi ta ẹgbẹ́ Àkàbà yọ. Nígbà tó di ìkejì, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ó kọ́kọ́ rò pé ọkàn àwọn èèyàn ló yí padà. Ìgbà tó wo iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló rí i pé wọ́n ti fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dín. Èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kì í kú láàárín ọdún mẹ́rin kí ìlú má gbọ́ ẹkún.

Ó tẹ́ máàpù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Òpópónà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ojú irin ni wọ́n gé kúrò. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń háyà yàrá kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ náà ni Àkàbà ti ń rí ìbò. Wọ́n gbé wọn sí agbègbè kẹwàá, níbi tí ìbò wọn ti dà bí iyọ̀ tó bọ́ sódò. Nígbà tí àwọn olówó kọ́ ilé gogoro sí apá kejì agbègbè kẹsàn-án, tí ẹ̀rù ò ba Kọ́kọ́rọ́ mọ́, wọ́n dá wọn padà. Wọ́n tún gbé wọn lọ. Wọ́n tún dá wọn padà. Máàpù ìdìbò kẹta ò sí nínú fáìlì, àmọ́ ó gbà pé kẹwàá náà ni wọ́n ṣì wà nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ṣírò ó.

Òpópónà àárín ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣe bàtà. Nírọ̀lẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti dìbò?"

Ẹ̀gbọ́n tu ìṣó ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. N ò sí nílé nígbà ẹ̀kẹta. Kí ló dé?"

"Ta lẹ yàn tó wọlé?"

"N ò tíì yan ẹnì kan tó wọlé rí." Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní orí burúkú ni mo fi ń dìbò."

"Kì í ṣe orí yín o, Bọ̀dá mi. Ààlà ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ ọ́. Ó di ojú ìwé mẹ́rin, gbogbo nǹkan wà níbẹ̀: òpópónà, ọdún, iye ìbò. Ọ̀gá kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Àǹtí Fáìlì, ta ló ní kó o ṣe èyí?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ ní kí n kọ ìtàn ìdìbò."

"Ìtàn ni mo ní. N ò ní kó o pe ẹjọ́." Ó fa bírò pupa yọ. Nígbà tó fi máa gbé e kúrò lórí ìwé, gbólóhùn méjì ló ṣẹ́ kù nínú ìtàn náà: Láti ogún ọdún ni àwọn ará agbègbè yìí ti ń dìbò fún ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́. A ti pààrọ̀ agbègbè àwọn òpópónà kan níbẹ̀ nígbà mẹ́rin.

"Ṣé irọ́ wà nínú ẹ̀?" ni ọ̀gá bi í.

Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Kò sí irọ́ nínú ẹ̀. Òótọ́ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ni.

Nígbà tí ìwé náà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá ti fi orúkọ obìnrin náà sábẹ́ rẹ̀ láti fi yẹ́ ẹ sí. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù láti orí fóònù. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ dé òpin, kò rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, àwa wo ló ń dìbò fún Kọ́kọ́rọ́?"

Ojú tì í dé egungun. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó yọ ọ́. Gbólóhùn náà kò kúrò níbẹ̀.

Ó wá kó ojú ìwé mẹ́rin tó kọ́kọ́ kọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn sì fi ìṣó bàtà kàn án mọ́ ògiri. Àwọn tó ń dúró de bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n ń wá òpópónà wọn, wọ́n ń jiyàn. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí Àǹtí Fáìlì yà síbẹ̀, ìyá arúgbó kan tó wá gba sálúbàtà tọ́ka sí ìlà ìdìbò kẹta.

"Ta ló kọ èyí? Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni, mà."

"Àṣìṣe ni, ọmọ mi. Lọ́dún yẹn, ilé àwọn panápaná la ti dìbò. Òjò pa mí débẹ̀. Agbègbè kọkànlá nibẹ̀, kì í ṣe kẹwàá."

Ó fẹ́ jiyàn, ó wá rántí pé òun kò rí máàpù ọdún yẹn. Ní ọjọ́ Ajé, ó tú yàrá ìpamọ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Inú páálí agbègbè kọkànlá ni máàpù ìdìbò kẹta wà. Ìyá kò parọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti kó wọn kiri bí ẹrù.

Ó gbé máàpù náà lọ bá ọ̀gá pẹ̀lú eruku lọ́rùn.

"Sà, àtúnṣe kékeré kan ni. Márùn-ún ni, kì í ṣe mẹ́rin."

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Ó ti jáde, Àǹtí Fáìlì. Ta ló máa mọ̀?"

"Gbogbo àwọn tí wọ́n kó kiri ni, sà."

Ọ̀gá ṣí ojú ìwé mìíràn. Àǹtí Fáìlì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú máàpù náà lọ́wọ́, kò jókòó, kò sì jáde.