Èsì Tí Kò Dé Ẹ̀yìn Ọgbà

"Yọ gbólóhùn yẹn kúrò," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó sì na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "'A ó kọ́kọ́ rán àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru lọ sí ilé ìwòsàn.' Ta ló ní kí o kọ ìyẹn?"

"Èmi ni mo rò pé ó yẹ, sà," Dókítà Kékeré fèsì. Dókítà gidi ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó sì sanra tó ẹni tí à ń pè ní àgbà. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera àwùjọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti jẹ́ ọ̀gá, gbogbo ẹni yòókù ló kéré.

Àbá ìwádìí ni wọ́n ń kọ, èyí tí wọ́n fẹ́ fi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀wọ́ kan lókè òkun. Kí wọ́n lè ní ohun tí wọn yóò fi hàn, wọ́n ti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tó ń gbé Ẹ̀yìn Ọgbà, àdúgbò tó fara ti ògiri ilé ìwòsàn yunifásítì wọn. Èsì rẹ̀ burú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kún àdúgbò náà bámúbámú, àwọn tó sì ní in kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ẹ̀rù ba Dókítà Kékeré. Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn.

"Ronú sí i," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Ibi tí ìrànlọ́wọ́ kankan ò tíì dé làwọn onígbọ̀wọ́ ń wá. Bí a bá sọ fún àwọn èèyàn yẹn báyìí, wọn á sáré lọ gba oògùn, ẹ̀jẹ̀ wọn á wálẹ̀. Kí la ó wá fi owó wádìí?"

"Sà, Màmá Télọ̀ tí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Tirẹ̀ ti kọjá ohun tí à ń dákẹ́ lé lórí. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi kì í sùn ládùúgbò yẹn. Ìwọ náà kì í sùn níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀ bíi bàbá tó ń gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn. "O mọ̀ pé ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ máa tó parí. Bí owó yìí bá wọlé, ìwọ ni màá kọ́kọ́ fi sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣe sùúrù. Tí owó bá dé, a ó tọ́jú gbogbo wọn."

Dókítà Kékeré ní ọmọ méjì àti ìyá arúgbó kan nílé, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń mú owó wọlé. Ó pa gbólóhùn náà rẹ́. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í san owó ilé ìwé.

Bí ó ti ń pa á rẹ́ ni ojú Màmá Télọ̀ ń wá sí i lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wọn ẹ̀jẹ̀, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Dókítà, ẹ má fún mi lápá já o. Òun ni mo fi ń jẹun." Nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ dákẹ́, ó bojú wo dókítà. "Kí ló wí?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. A máa padà wá."

"Ẹ ṣé gan-an. Iṣẹ́ yín á máa gbè yín."

Àbá náà wọlé. Àwọn onígbọ̀wọ́ kọ̀wé pé ó pẹ́ tí àwọn ti rí àbá tó fi ìyà àwọn èèyàn hàn kedere bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì fi ọwọ́ gbá Dókítà Kékeré léjìká. Àwọn onígbọ̀wọ́ ń fẹ́ àwòrán àdúgbò náà, nítorí náà Dókítà Kékeré ní òun yóò mú ayàwòrán lọ. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà gan-an ni òun yóò sọ òótọ́ fún Màmá Télọ̀. Owó ṣáà ti dé.

Wọ́n bá ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Màmá Télọ̀ jókòó lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, apá rẹ̀ ọ̀tún sùn sórí itan, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan sì ti wọ́. Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀, ń fi aṣọ nu itọ́ fún un. Ó yára dìde, ó gbé àga wá.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Ẹ ní ẹ máa padà wá, ẹ sì wá lóòótọ́."

"Bàbá, ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Orí ti ń fọ́ ọ tipẹ́. Mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí n má fi owó ṣòfò. Ó ní ẹ̀yin dókítà ti yẹ òun wò, ẹ sì ní kí òun má ṣèyọnu. Ó ní bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀, ṣé ẹ ò ní sọ ni?"

Kò bínú rárá. Ṣe ló ń ṣàlàyé pé ìyàwó òun kì í ṣe aláìgbọ́n. Dókítà Kékeré kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Nígbà tí ayàwòrán gbé kámẹ́rà sókè, ó ní kó gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru gan-an lọ́jọ́ náà. A mọ̀."

"Ẹ mọ̀," ọkùnrin náà wí. Ó tún padà síbi itọ́ tó ń nù. Màmá Télọ̀ ò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára Dókítà Kékeré.

Kámẹ́rà ti kó àwọn ará ilé jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dókítà, èmi ńkọ́? Ẹ wọn tèmi náà."

"Èmi náà ńkọ́?" bíríkìlà kan bi í.

"Ìyá mi ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó pariwo nínú wọn. Kí àbá tó lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ní kí wọ́n yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò, kí wọ́n sì sun ìwé tí orúkọ wà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n tú àṣírí aláìsàn. Àwọn onígbọ̀wọ́ yìn wọ́n fún un. Yàtọ̀ sí ti Màmá Télọ̀, Dókítà Kékeré kò rántí ẹni tó ni èsì wo.

"Ẹ dákun," ó ní. "Mi ò mọ èwo ni tiyín."

Ọlọ́ṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Kò burú. Ẹ tún un wọ̀n, a ó dúró."

Àwọn yòókù náà ká aṣọ sókè, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ayàwòrán nìkan ni Dókítà Kékeré mú wá. Kò mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ dání.