Ọwọ́ Kan Ń Rán, Ọwọ́ Kan Ń Tú

Nígbà tí orúnkún Màámi yarí pé òun ò gun àtẹ̀gùn mọ́, Màámi ò bá a jà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí orúnkún ọ̀hún ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó ṣíwọ́, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìránṣọ kúrò lọ́rùn, ó sì fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó gbàdúrà fún un títí ó fi rẹ àwọn tó ń ṣe àmín. Ó pè é ní abẹ́rẹ́ tíńrín tí ń so aṣọ ńlá pọ̀, òwú funfun tí kì í já lójú ọ̀nà, ọmọ tí a tẹ́ sórí àjákù aṣọ tó sì sùn fọnfọn bí ọmọ ọba. Omi lé ròrò lójú ọmọ. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Màámi bá lọ sílé, ó lọ sinmi.

Àmọ́ ìsinmi náà ò gún régé. Ilé Màámi wà lẹ́yìn ilé ìránṣọ gan-an, àgbàlá kékeré kan ló là wọ́n láàárín, fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ sì dojú kọ fèrèsé òkè níbi tí àwọn maṣíìnì wà. Bó bá ń fọ abọ́, ó ń gbọ́ wọn, kò sì sí èyí tí kò dá mọ̀ nínú wọn. Ti Ẹ̀gbọ́n máa ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn aránṣọ, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é, Màámi tó jù ú lọ dáadáa náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ti Ìyá Ìbejì máa ń sáré bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná. Ti Akọrin ní tirẹ̀ máa ń dákẹ́ nígbàkígbà tí orin bá dé ibi tó dùn, nítorí ọmọkùnrin náà ò lè fi ọwọ́ rán aṣọ kó tún fi gbogbo ọkàn gbé ohùn sókè.

Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ Màámi. Ìfẹ́ wà nínú orúkọ yẹn, yẹ̀yẹ́ díẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ń bá wọn gbàdúrà àárọ̀, ó ń tà, ó ń rà, ó ń jẹ́ kí oníkálukú máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìyá rẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é ni pé aránṣọ kọ̀ọ̀kan á mú aṣọ tirẹ̀, á rán an láti kọ́là dé ìsàlẹ̀, kò ní gbé e fún ẹlòmíràn àfi ẹni tó máa lọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló yí i padà. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé tuntun, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun. Iṣẹ́ náà pọ̀, irú rẹ̀ ò tíì wọlé rí. Ọ̀gá Kékeré jókòó, ó rò ó, ó sì rí i pé bí oníkálukú bá ń rán odindi aṣọ, àwọn nọ́ọ̀sì á ti fẹ̀yìn tì kí aṣọ tó jáde. Ó pe gbogbo wọn jọ. Ó ní òun fẹ́ kí iṣẹ́ máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì: kí Ẹ̀gbọ́n máa rán kọ́là, torí kò sẹ́ni tó lè bá a du kọ́là, kí Ìyá Ìbejì gbà á, kó so apá mọ́ ọn, kí Akọrin pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé, kó lẹ àpò. Ó béèrè èrò wọn. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n pàápàá ní Ọlọ́run á bá wọn ṣe é.

Ni iṣẹ́ bá rọra ń falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tí ó yé. Ọ̀gá Kékeré sún tábìlì mọ́ra, ó fi epo sí maṣíìnì, ó pààrọ̀ gílóòbù kí iná lè mọ́lẹ̀ sí i. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, òógùn ń bọ́, ẹnikẹ́ni ò ṣọ̀lẹ, síbẹ̀ aṣọ tó ń jáde ò tó nǹkan.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé Màámi. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ dé, ó ní òun wá wo orúnkún. Ó wò ó fírí, ó sì fi gbogbo ìsinmi ọ̀sán sọ ti apá aṣọ: pé òun ti ń rí apá lójú àlá, pé ọkọ òun na ọwọ́ gba oúnjẹ lálẹ́ àná, òun sì wo apá rẹ̀ bí ẹni pé ó yẹ kóun so ó. Akọrin dé lọ́jọ́ kejì, ó ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ ò ní orin kankan nínú. Ẹ̀gbọ́n ló dé kẹ́yìn, kò sì jókòó.

Ó ní, “Màámi, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí ẹ máa sọ. Ẹ ní kó dá a padà. Ó máa gbọ́ tiyín.”

Màámi ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀gbọ́n lọ tán, nǹkan kan rọra ń dùn mọ́ ọn nínú bí ìgbà tí ènìyàn jẹ ohun tí dókítà ní kó má jẹ. Wọ́n ṣì ń fẹ́ òun. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú adùn náà kúrò. Kò tètè kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ rẹ̀ náà wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpótí ilé ìdáná níbi tó máa ń jókòó sí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó gbé ọ̀kan nínú aṣọ nọ́ọ̀sì náà lé ẹsẹ̀.

“Màámi, tó bá fi máa di Sátidé tí kò yí padà, màá dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ó sì padà wá jókòó sáyè yín.”

“Pẹ̀lú orúnkún yìí?”

“A máa gbé maṣíìnì wá sísàlẹ̀ fún yín.” Ó fi ọwọ́ pa aṣọ náà. “Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni iṣẹ́ yín bàjẹ́ sí. Bóyá mi ò tíì tó o.”

Màámi bu oúnjẹ fún un. Ọmọ jẹun, ó lọ, ó gbàgbé aṣọ sórí àpótí.

Ọwọ́ Màámi kì í rí aṣọ kó má yí i síta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e lọ sí ẹnu fèrèsé, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà mọ́. Ó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò abẹ́rẹ́ tí òwú wà nínú rẹ̀, ó rí ihò mìíràn tí kò ní òwú. Bẹ́ẹ̀ ló rí lára kọ́là. Ó wo èjìká níbi tí wọ́n ti so apá: bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n ti rán aṣọ yìí, wọ́n ti tú u, wọ́n sì ti tún un rán.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Màámi. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di ẹnu fèrèsé mú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Torí òun ló kọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí aránṣọ kọ̀ọ̀kan bá kọ́kọ́ wọlé, Màámi á fi abẹ kékeré tí wọ́n fi ń tú aṣọ lé e lọ́wọ́, á sì wò ó lójú: ibi tí o kò bá lè búra sí pé ó dáa, tú u. Òfin ilé náà kò ju ẹyọ kan yẹn lọ. Ní báyìí, kọ́là Ẹ̀gbọ́n ń dé itan Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì ò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rán an, báwo ló ṣe fẹ́ búra sí i? Ó ń tú u, ó ń rán an ní tirẹ̀, kó tó so apá. Apá ń dé ọ̀dọ̀ Akọrin, òun náà ń tú u. Kò sí àrankàn níbẹ̀. Wọ́n ń pa òfin Màámi mọ́ lábẹ́ tábìlì, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́ fún ara wọn.

Ó mọ ohun tó lè ṣe. Kó dákẹ́ ni. Sátidé á dé fúnra rẹ̀, wọ́n á sì wá fi ọ̀wọ̀ gbé e padà sórí àga. Ó jókòó sétí ibùsùn, torí kò lè kúnlẹ̀ mọ́, ó ní, “Olúwa, Ìwọ lo rí inú mi. Mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì fún un ní ilé náà. Bá mi fún un.” Ó mú gèlè rẹ̀, ó wé e, ó sì gun àtẹ̀gùn náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró mí, ó ń bá orúnkún sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tan ọmọ.

Bó ṣe yọ lókè, gbogbo maṣíìnì dákẹ́. Akọrin ti sáré gbé àga ńlá tí Màámi máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Màámi ò jókòó sí i. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Níbo lẹ fẹ́ kí n wà?”

Ọ̀gá Kékeré wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ wá na ọwọ́ sí ìjókòó tó wà lẹ́yìn Akọrin, níbi tí wọ́n ti ń de bọ́tìnnì. Màámi jókòó síbẹ̀, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́.

Nígbà tí aṣọ àkọ́kọ́ dé itan rẹ̀, kò sí ojú tí kò sí lára ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń yún un pé kó yí aṣọ náà síta. Kò yí i. Ó wo òkè.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló rán kọ́là yìí?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Ṣé o lè búra sí i?”

“Mo lè búra.”

“Ó tó mi.” Ó de bọ́tìnnì mọ́ ọn, ó ṣẹ́ òwú, ó mú òmíràn.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ti ń tú kọ́là yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rọra bọ́ awò ojú rẹ̀. “Kọ́là mi? Kọ́là tí mo ti ń rán kí wọ́n tó bí ọkọ rẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pariwo,” ni Akọrin wí. “Èmi náà ti ń tú apá tí Ìyá Ìbejì ń so. Ó dà bíi pé gbogbo ìlú ló lọ́wọ́ sí i.”

Ọ̀gá Kékeré ti fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Wọ́n rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó gbójú sókè tí wọ́n rí i pé ẹ̀rín ló fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ó nu ojú. Ó fi ìka lu tábìlì, ó sì sọ ohun kan tí kò wá sí Màámi lọ́kàn rí. Ó ní òfin ilé dáa, kò gbọdọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo wọn ni kó máa búra pọ̀. Láti ọ̀la lọ, aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rán láàárọ̀ máa dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n yí i síta, kí wọ́n tú u, kí wọ́n bú u, kí wọ́n bá ara wọn jà lé e lórí. Bí gbogbo wọn bá ti gbà, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, kẹ́nikẹ́ni má yí i mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní òwú Ìyá Ìbejì máa ń le jù.

“Ẹ máa sọ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la, Ẹ̀gbọ́n,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ sọ gbogbo rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì le, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbàdúrà tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì dẹ òwú rẹ̀ díẹ̀, ó ní kí Ẹ̀gbọ́n náà dín èèpà tó ń jẹ sórí aṣọ funfun kù. Akọrin ní kí wọ́n jọ máa rán àpò pẹ̀lú òwú ìlọ́po méjì, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé òótọ́ ló sọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, aṣọ ti ń rìn láti itan dé itan bí omi. Sátidé kọjá, kò sẹ́ni tó rántí pé ó wá.

Ọjọ́ tí wọ́n wá kó aṣọ, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló gun òkè wá. Ó ti mọ Màámi tipẹ́. Ó yẹ aṣọ wò, ó ní ó wu òun, ó sì yíjú sí Màámi níbi tó ti ń de bọ́tìnnì àṣekẹ́yìn. Ó ní àwọn máa mú iṣẹ́ mìíràn wá, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń bẹ̀bẹ̀ fún àpò tó jìn ju èyí lọ. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Màámi ní ìdáhùn lẹ́nu. Kò ṣeé ṣe. Àpò tó bá jìn máa ń fa aṣọ wálẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà kó tó bí ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó tẹjú mọ́ ihò bọ́tìnnì, ó pa ẹnu mọ́, ẹnu náà sì wúwo.

“A máa ṣe é,” ni ọmọ rẹ̀ wí. “A máa fi aṣọ tó nípọn tì í lẹ́yìn láti inú, kó má bàa fà.”

Màámi gbé e yí lọ́kàn. Bí òun ìbá ṣe ṣe é kọ́ nìyẹn. Ó tún un yí. Kò sí ohun tó ṣe é.

Obìnrin náà ṣì ń retí ohùn rẹ̀.

“Ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ,” ni Màámi dá a lóhùn. Ó ṣẹ́ òwú, ó gbọn aṣọ náà, ó sì gbé e fún ẹni tó máa lọ̀ ọ́.