Alùpùpù Tí Mo Tò fún Ẹni Méjì

Ẹ má bi mí bóyá mo gba àkúdàáyà gbọ́. Mẹkáníìkì ni mí. Ohun tí mo bá tú, tí mo sì fojú ara mi wo inú rẹ̀, òun ni mo gbà gbọ́. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní Inísà, mi ò sì tíì rí èyí tó kú tó fúnra rẹ̀ dìde. Síbẹ̀, lọ́dún tó kọjá, mo ra alùpùpù kan, mo tún un tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí n lè fi wá àbúrò mi lọ sí Gánà, àbúrò tí mo ti fọwọ́ ara mi gbé sínú ilẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú.

Fáwọlé lorúkọ rẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gùn, èmi ni mo sì fún un ní èyí tó ń gùn. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ epo gbiná lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, iná náà sì ká ọ̀kadà mẹ́ta mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sí ojú ènìyàn tí a lè wò mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí káríà, irin tí a ń di ẹrù lé, lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀. Èmi ni mo jó irin yẹn pọ̀, mo sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi níbikíbi tó bá wà. Mo ní, "Òun ni." Òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ a ti sin ín sí Òkukù. Màmá wa ò bá wa débẹ̀, nítorí òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Wọ́n jókòó sínú yàrá, wọ́n fọwọ́ dí etí kí wọ́n má baà gbọ́ ìró ọkọ́.

Àyìnkẹ́ ló tú ọ̀rọ̀ náà síta. Ará Inísà ni, abọ́ ìdáná ló máa ń kó lọ tà ní Tàmálè, ní Gánà. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní kó jókòó, ó kọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ògúnrẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo rí Fáwọlé."

"Fáwọlé wo?"

"Fáwọlé yín. Ó ń tún ọ̀kadà ṣe lọ́jà abúlé kan. Bó ṣe rí mi báyìí, ó fi aṣọ bojú, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni. Ẹ má lọ síbẹ̀ o. Ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí."

Ta ni ò mọ̀? Wọ́n ní ẹni tó bá kú láìtọ́jọ́ kì í lọ sọ́run tààrà. Á ṣí lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́yàwó, á bímọ, á máa ṣiṣẹ́ ajé rẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ṣùgbọ́n bí ẹbí rẹ̀ bá fojú kàn án pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Á pòórá, ikú ẹlẹ́ẹ̀kejì sì ni.

Mo lé Àyìnkẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i ò ṣeé kọ síbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe pé àbúrò mi di iwin. Ohun tí mò ń rò ni pé káríà ni mo dá mọ̀ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò dá ènìyàn mọ̀.

Kí ló dé tí mi ò wọ bọ́ọ̀sì? Àyìnkẹ́ ní kì í dúró sójú kan. Ọjà abúlé ló ń ná, ọ̀sẹ̀ yìí níhìn-ín, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì kì í gbà. Ẹni tó bá fẹ́ lé ọlọ́kadà bá, ọ̀kadà náà ni yóò gùn.

Mo lọ sí Ìkìrun, sọ́dọ̀ Ọládélé tó ń ta alùpùpù tòkunbọ̀. Ó gbé mẹ́ta síta fún mi. Èkíní ga bí lékeléke, táyà rẹ̀ ní eyín ńláńlá. Ọládélé ní àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Mo ní òyìnbó tó fi gun òkè, nígbà tó bàjẹ́ lórí òkè, ta ló bá a tún un ṣe? Ẹni tó ń rìn jìnnà kì í gun ohun tí mẹkáníìkì abúlé ò rí rí. Èkejì tuntun, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò ṣeé fẹsẹ̀ ta, bátìrì nìkan ló ń jí i. Bí bátìrì bá kú sínú igbó, ó di kéèyàn máa tì í dé Gánà.

Ẹ̀kẹta ni mo mú. Alùpùpù lásán ni, irú èyí tí gbogbo ọlọ́kadà ń gùn láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Gánà, tí èèyàn lè fi wáyà àti pílásì tún ṣe. Mo fẹsẹ̀ ta á, mo fi etí ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́.

Ọládélé ń wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò rí i pé irú ti Fáwọlé gan-an nìyí? Táńkì pupa náà?"

"Ṣé mo bi ọ́?"

Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mi ò rí i. Gbogbo ìdí tí mo fi yan án ni mo lè kà fún yín, wọ́n sì bọ́gbọ́n mu, síbẹ̀ ojú mi ò rí ohun tí ọwọ́ mi ń mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tò ó ní Inísà. Mo yọ sípóòkù rẹ̀, mo fi èyí tó nípọn sí i. Mo jó irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta má baà fọ́ ọ. Mo yọ táńkì pupa yẹn, mo fi dúdú tó ń gba epo ìlọ́po méjì dípò rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Mo gé ìjókòó kù sí ti ẹnì kan, kí àyè lè wà lẹ́yìn fún àpótí irinṣẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì omi. Mo tú irin méjì tí ẹni ẹ̀yìn máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀, mo jù wọ́n sísàlẹ̀ àpótí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá irin méjèèjì ní ipò wọn lára alùpùpù. Wọ́n ti dè wọ́n le dáadáa. Wọ́n tiẹ̀ fi òróró pa wọ́n. Èmi nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi, òróró kan náà ló wà lábẹ́ èékánná mi. Èmi ni mo dè wọ́n, mi ò sì rántí.

Mo tún tú wọn. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún ti padà síbẹ̀.

Mi ò tú wọn mọ́. Mo wá ìjókòó gígùn, mo fi dípò èyí tí mo gé, mo so àpótí àti kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe Fáwọlé ló bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ ara mi ni.

Nígbà tó parí, mo gùn ún lọ sí Òkukù láti dágbére fún màmá wa. Wọ́n wà níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, wọ́n fa ìborùn wọn, wọ́n fi bo gbogbo ojú. Ẹ̀wà dà sílẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Ògúnrẹ̀mí ni."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n wo alùpùpù náà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀ yẹn?"

"Fáwọlé. Àyìnkẹ́ rí i ní Gánà. Mo fẹ́ lọ mú un wálé."

Mo rò pé wọ́n á ké. Wọn ò ké. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà nílẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan.

"Ó ti wá," ni wọ́n wí. "Ọdún kẹta lẹ́yìn tí ẹ sin ín ni. Ọ̀sán gangan ni, mò ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ 'Màmá, ẹ kú iṣẹ́.' Ohùn rẹ̀ ni. Mo fi ìborùn bojú wéré. Mo ní, Fáwọlé, o ti kú, ọmọ mi. Padà síbi tó o wà, kí o lè pẹ́ níbẹ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ṣí ojú. Gàrí jóná nínú agbada, mi ò ṣí i. Nígbà tí mo máa ṣí i, kò sí ẹnì kankan mọ́."

"Ọdún márùn-ún, Màmá! Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ojú tí mo dì yẹn ni kò jẹ́ kó kú. Ìwọ wá fẹ́ lọ la tìrẹ sí i?"

Inú bí mi débi pé mo gbá kẹ́ẹ̀gì nípàá. Mo ní òkú kì í kíni kú iṣẹ́. Mo ní ènìyàn ni, ènìyàn ẹlẹ́jẹ̀ nínú ni wọ́n lé.

Wọ́n gbé ojú sókè. "Bí òun kọ́, Ògúnrẹ̀mí, ta ni ẹ sin?"

Mo gun alùpùpù mi. Mo fẹsẹ̀ ta á, mo lọ. Bí màmá wa bá tọ̀nà, ojú mi ni yóò pa àbúrò mi. Bí èmi bá tọ̀nà, ọmọ ọlọ́mọ ni mo sin, ìyá wa sì ti lé ọmọ rẹ̀ láàyè.

Mo gba Ìlọrin, mo sọdá bodè, mo gba Párákù, mo wọ Tógò. Alùpùpù náà ò já mi kulẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: láti ìgbà tí mo ti kọjá Ìlọrin ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti wúwo. Mo dúró, mo yẹ ṣọ́ọ̀kì wò, kò sí nǹkan kan. Mo tún gùn ún, ó tún wúwo, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn ẹni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Fáwọlé, ẹni tí mo sin ní orúkọ rẹ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì mí. Mi ò mọ orúkọ yín." Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń rí iwin ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjà kẹrin tí mo ná lágbègbè Tàmálè ni mo ti rí i. Ó lóṣòó sídìí ọ̀kadà kan lábẹ́ igi ẹ̀mí tí wọ́n fi èso rẹ̀ ń ṣe òrí. Ó ti sanra, irùngbọ̀n ti hù. Ó gbọ́ ìró mi, ó gbójú sókè, ó sì yára fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bojú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí."

"Fáwọlé, má sá."

Kò sá. Abẹ́ aṣọ náà ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun ta ọ̀kadà tí mo fún òun ní Ìlọrin, kí òun lè rí owó ọkọ̀ wá sí Gánà. Ẹni kan tó ń jẹ́ Ọlọ́rundáre ló rà á. Òun ò pè mí lórí fóònù nítorí òun bẹ̀rù ìbínú mi. Nígbà tó di ọdún kẹta, òun ní kí òun wá sílé wá bẹ̀bẹ̀.

Ọlọ́rundáre. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ ẹni tí mo gbé sínú ilẹ̀. Ìbínú mi ló pa ẹnu àbúrò mi mọ́, ẹnu mi ló sì sọ pé, "Òun ni." Ojú tì mí, ó dùn mí dé eegun.

"Màmá ní mo ti kú," Fáwọlé ń bá a lọ. "Màmá ò purọ́ fún mi rí. Bí ẹni tó bí mi bá ní mo ti kú, ta ni mo tún fẹ́ lọ bi? Mo padà síbí. Mo ti fẹ́yàwó, Bọ̀ọ̀dá. Mo bí obìnrin kan. Tó bá sùn, mo máa ń fọwọ́ kan ara rẹ̀ wò, bóyá ó gbóná bí ti ọmọ ènìyàn."

Ó ṣí aṣọ kúrò lójú. Ó nawọ́ sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ sin mí. Ẹ sọ fún mi. Ṣé mo ti kú lóòótọ́?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbóná, òróró ẹ́ńjìnnì wà lára rẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ pé rárá, kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ dúró, mò ń wò ó bóyá yóò pòórá, ó sì rí i pé ohun tí mò ń wò nìyẹn.