Ìṣubú tí Àwọn Adájọ́ Yìn

Kúbúrátù ló sanra jù, òun náà ló sì lágbára jù, nínú ẹgbẹ́ oníkóríyá ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Odògbolú. Bí àwọn eléré bá ń sáré, àwọn ọmọbìnrin mẹ́wàá yìí ló máa ń kọrin, tí wọ́n á máa jó, tí wọ́n á sì gun ara wọn léjìká kí gbogbo pápá lè rí wọn. Ìsàlẹ̀ ni Kúbúrátù máa ń wà. Ìtùnú, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ló máa ń wà lókè.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ìdíje eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n fi ìdíje àwọn oníkóríyá kún un. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, olùkọ́ wọn, fi kọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gba ife kankan rí.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, pápá ṣì ń yọ̀. Wọ́n jó dáadáa títí wọ́n fi dé ibi tó le jù. Ìtùnú dúró lórí èjìká Kúbúrátù, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Ó ré bọ́. Kúbúrátù yí padà kíá, ó gbá a mú mọ́ àyà, orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bó ṣe dìde tòun ti Ìtùnú lọ́wọ́ nìyẹn, tó ń bá orin lọ. Àwọn èrò pariwo.

Nígbà tí àgbà adájọ́, Ìyáàfin Ayọ̀fẹ́, fẹ́ kéde èsì, ó ní Odògbolú ló gba ipò kìíní. Ó ní ohun tó mú wọn borí ni àrà tí wọ́n dá, bí ọ̀kan ṣe já bọ́ tí èkejì sì gbá a mú.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fò sókè, ṣùgbọ́n Kúbúrátù kò fò. Ó wo ojú Ìtùnú, Ìtùnú sì ní kó lọ sọ òtítọ́. Kúbúrátù kọ́kọ́ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Theophilus. Olùkọ́ náà ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ẹrẹ̀ tó wà lórúnkún ọmọ náà, ó sì yà fún un lọ́nà.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe àrà la dá,” ni Kúbúrátù sọ níwájú àwọn adájọ́. “Ó ṣubú ni. Mo kàn gbá a mú ni.”

Wọ́n yọ máàkì àrà náà kúrò. Ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí ipò kìíní, Odògbolú sì ṣe ìkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mọ́ṣádé, olórí àwọn tó borí, gba ife tán, orúkọ Kúbúrátù ló fi dá orin, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbè é.

Ọ̀gbẹ́ni Theophilus pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lórí fóònù.

“Ipò kejì ni, sà,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí ọmọ wa ṣe.”

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá Kúbúrátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kò tíì jókòó tó ti ń ròyìn ọmọ rẹ̀ fáwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀. Ibi tí Ìtùnú ti ṣubú ló ti bẹ̀rẹ̀.