Olùkọ́ Dùùrù Tí Bàbá Mi Fọkàn Tán

Olùkọ́ méjì ló ti já mi kulẹ̀ kí Boaz tó dé. Ẹni àkọ́kọ́ wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó gba owó oṣù, ó sì pa fóònù rẹ̀. Ẹni kejì mọ ẹnu ju dùùrù lọ. Bó bá ti jókòó tì mí, orúnkún rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Bàbá mi lé e jáde lọ́sàn-án gangan. Ó ní bí mi ò bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́, tó sì ṣeé fi sílé pẹ̀lú ọmọbìnrin, kí n gbàgbé dùùrù, kí n wá máa bá òun ṣa obì.

Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan ní Ìkẹ́nẹ́, ọ̀gá wa sì ti ṣèlérí pé bí mo bá lè tẹ dùùrù dáadáa, èmi ni òun máa gbé iṣẹ́ orin fún.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe Boaz fún wa. Ọmọ ìjọ Sábáàtì ni, ará Ìlíṣàn, ó sì gboyè nínú orin. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé wa ní Ṣàgámù, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó fún un ní ìwé tí orúkọ òbí mẹ́ta wà nínú rẹ̀, àwọn tí òun ń kọ́ ọmọ wọn. Ohùn rẹ̀ rọ̀ débi pé mo gbàgbé omi tí wọ́n ní kí n gbé wá.

Bàbá mi ò pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń ta gbànja. Bí wọ́n bá gbé agbọ̀n obì síwájú rẹ̀, kì í wo ti òkè. Ìsàlẹ̀ ló máa ń ki ọwọ́ bọ̀, torí ẹni tó ń tà ló to ti òkè.

“Obì òkè agbọ̀n làwọn wọ̀nyí,” ló wí. “Òbí tí kò gbà á mọ́ ni mò ń wá.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wádìí. Ó gbà kí Boaz máa wá ná, ṣùgbọ́n Kàdíjátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́dọ̀ wà ní pálọ̀, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Boaz ò janpata. Ó mú gbànja kan nínú èyí tí Kàdíjátù ń ṣà, ó gbé e lé mi lẹ́yìn ọwọ́, ó ní kí n máa tẹ dùùrù, kó má já bọ́. Ìka rẹ̀ ò kàn mí rárá. Obì yẹn nìkan ló kàn mí. Ìgbà mẹ́sàn-án ló já bọ́.

“Adúmáadán,” Kàdíjátù pè mí, “ṣé ọwọ́ ló ń gbọ̀n ni, àbí ojú?”

Boaz rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi ti Ìlárá dé, ó pè wá jókòó. Ó ti rí ìyá Dásọ́lá, ọmọge kan tí Boaz kọ́ fún oṣù mẹ́rin péré. Ìyá náà ní ìfẹ́ Boaz kó sí ọmọ òun lórí, ó ń se oúnjẹ dè é, ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Boaz ò lo àǹfààní ẹ̀, kò sì ròyìn ẹ̀ fún ará ìta. Ó lọ bá àwọn òbí ọmọ, ó ní òun ò lè kọ́ ọ mọ́, ó bá wọn wá olùkọ́ obìnrin, kò sì tẹ ilé náà mọ́.

“Irú olùkọ́ tí mò ń wá nìyí,” bàbá mi wí, inú rẹ̀ ń dùn.

Inú tèmi bàjẹ́. Ọjọ́ tí Boaz bá mọ ohun tó wà lọ́kàn mi ni yóò lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi pa mọ́. Mi ò lé tìróò mọ́, mi ò fín lọ́fínńdà. “Bẹ́ẹ̀ ni, tíṣà,” ni mo máa ń wí, ojú mi á wà nílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, á tètè lọ kí oòrùn tó wọ̀, torí ìsinmi wọn. Ní Sátidé mo máa ń rò ó pé ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlíṣàn ò jìnnà sí Ṣàgámù, ṣùgbọ́n lójú mi ó jìn ju Mẹ́kà lọ. Oṣù márùn-ún kọjá. Obì ò já bọ́ mọ́.

Lọ́jọ́rú kan, Kàdíjátù ní Boaz wà lọ́dọ̀ bàbá mi ní ilé obì. Mo dúró dè é nídìí dùùrù. Ọ̀kadà ni mo gbọ́, tó gbéra lọ. Bàbá mi wọlé.

“Tíṣà rẹ ò ní wá mọ́.”

Mo búra pé mi ò ṣe nǹkan kan.

“Mo bi í bóyá o ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá, pé o ò tilẹ̀ wo ojú òun rí. Ó ní òun ni. Ọkàn òun ni ò gbọ́ tòun mọ́.”

Ó na ìwé pélébé kan tí Boaz fi sílẹ̀ sí mi. Orúkọ obìnrin kan ló wà níbẹ̀, Màmá Ellen, tí yóò máa wá láti ọjọ́ Ajé.

Omijé ń dà lójú mi nígbà tí mo bi í pé, “Bàbá, irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé orin nìkan lẹ lè fọkàn tán an fún?”

Ó ní onígbàgbọ́ ni Boaz, Mùsùlùmí sì ni wá. Ó ní àwọn ẹbí wa yóò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

“Kọ́kọ́ kọ́ dùùrù yẹn tán ná, ká tó sọ ti Boaz,” ló wí.

Màmá Ellen ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ èèyàn ní dùùrù, òun ò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú tó báyìí rí.